Mo Gbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá bá mi wo màmá mi. Mímí wọn ò dáa."

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2021 ni, ọyẹ́ ń fẹ́, àrùn kòrónà sì ti tún gbéra lẹ́ẹ̀kejì. Nínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, aláìsàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa nọ́ọ̀sì méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo dìde, mo yọ ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ jáde lápò, mo fi há ìka ìyá náà. Ojú ẹ̀rọ tàn. 94. Mo yí i sí ọmọ rẹ̀, mo ní, "Ṣé o rí i? 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo nọ́ńbà yẹn, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo nọ́ńbà. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó padà lọ jókòó.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Ẹlẹ́rìí méjì ló dúró níwájú mi lóru ọjọ́ náà: ẹ̀rọ tí mo mọ̀ fún oṣù díẹ̀, àti ọmọ tó ti mọ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Mo gbọ́ ti ẹ̀rọ, mo sì dájọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ nọ́ọ̀sì lásìkò tí ẹ̀rọ pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju bó ṣe pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ.

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mẹ́kúrì ló wà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, òun náà ló wà nínú tẹmómítà tí a máa ń gbọ̀n kí a tó fi sí aláìsàn lábíyá. Aago tí a so mọ́ àyà aṣọ funfun wa la fi ń ka lílù ọkàn. Métírọ́ọ̀nù tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lára àwọn tó máa ń se síríńjì onígíláàsì nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó tún un lò. Òfin kan ló fi ń kí wa káàbọ̀ sí wọ́ọ̀dù: kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì kí o wo èèyàn tó wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Má ka ìdajì ìṣẹ́jú kí o wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé ò ń kà á, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka mímí òun á yí i padà. Di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ka lílù ọkàn, kí ojú rẹ wà ní àyà rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti ń sún mọ́ 30, sáré.

Ohun kejì tí Métírọ́ọ̀nù kọ́ wa kò sí nínú àwọn ìwé tí a ń kà nígbà náà. Àwọn ìwé yẹn sọ pé ètè ẹni tí ọ́síjìn ò tó máa ń ṣe bíi búlúù. Métírọ́ọ̀nù máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ètè ta ni?" Á wá ṣí inú ètè aláìsàn fún wa, á ní ká wo ahọ́n, ká rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ká wo àtẹ́lẹwọ́. Ó ní àwọ̀ dúdú máa ń bo àṣírí mọ́ra, pé ibi tí kò ti dúdú ni kí a ti lọ béèrè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn á wúlò fún ẹ̀rọ.

Títí di ọdún 2020, yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn wà nílé ìwòsàn wa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì máa ń tì í mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Kí ọdún tó parí, olúkúlùkù wọ́ọ̀dù ti ní ẹ̀rọ náà, àwa nọ́ọ̀sì míì sì ti fi owó ara wa ra tiwa.

Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Iná méjì ló ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì kò ṣeé fojú rí. Bí ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn ṣe ń gba iná méjèèjì mu yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé e. Ẹ̀rọ á ṣírò iná tó yọ sí òdìkejì ìka, á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló rí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1974. Ohun mìíràn ló ń wá. Ó fẹ́ wọn iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, ṣùgbọ́n lílù ọkàn ń da ìwọ̀n rẹ̀ rú. Ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe mú ìdíwọ́ yẹn kúrò ló ti rí i pé inú ìdíwọ́ náà gan-an ni ìròyìn ọ́síjìn wà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, lásìkò tí gbogbo ayé ń wá ẹ̀rọ tó ti inú ọgbọ́n rẹ̀ jáde kiri.

N kò ní bú ẹ̀rọ yìí. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti Melbourne mú un lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọn yóò ṣe máa fi yẹ àwọn ọmọdé wò. Ikú àwọn ọmọ tí òtútù àyà gbé wá dínkù. Ọmọ jòjòló kì í sọ pé afẹ́fẹ́ ò tó òun. Ẹ̀rọ ló ń bá a sọ ọ́.

Àwa la sọ ọ́ di ohun tí kò yẹ kó jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń jápa, lóṣooṣù la ń ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù, ẹnikẹ́ni ò sì gba ipò wọn. Ìṣẹ́jú kan kò jọ nǹkan lójú ẹni tí kò bá nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ rí. Ìṣẹ́jú kan lórí aláìsàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti lé ní ìlàjì wákàtí, mímí nìkan ṣì lo kà yẹn. Ẹ̀rọ ń sọ tirẹ̀ kí o tó ṣẹ́jú mélòó kan. Díẹ̀díẹ̀, mo dá kíka mímí dúró. Tí ẹ bá sì ṣí kádì àwọn aláìsàn mi nígbà náà, ẹ ó rí i pé gbogbo wọn, olótùútù àyà àti ẹni tó kán lẹ́sẹ̀, ló ń mí ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. N kò kà á. Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń kọ 20 yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo ń jẹ́wọ́ fún.

Ní nǹkan bí aago kan òru, ọmọ ìyá náà tún dé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, wọ́n á tún dìde jókòó. Wọn kì í ṣe báyìí." Mò ń so ẹ̀jẹ̀ mọ́ aláìsàn mìíràn lọ́wọ́. Mo fi ẹ̀rọ há ìka ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. 93. Ohùn mi le lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Ẹ̀rọ ò lè parọ́."

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́ta nígbà tí mo gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní, "Ṣé ẹ ò tíì sùn, mà?" Ìyá fẹ́ dá mi lóhùn. Ó ní "Mi ò," ó mí. Ó ní "tíì," ó mí. Èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà, ìyá tó ń fi ohùn pe oníbàárà láti òdìkejì ọ̀nà, ọ̀rọ̀ méjì ò lè tẹ̀léra lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àfi bíi pé Métírọ́ọ̀nù dúró lẹ́yìn mi. Mo gbé àwo oògùn sílẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù. Mo wo àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. 38. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ẹran àárín ìhà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Mo ṣí inú ètè rẹ̀, ó rí bí eérú.

Ẹ̀rọ ní 91.

A gbé e jókòó, a wọ́ àgbá ọ́síjìn wá, mo pe dókítà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọ̀sán, dókítà tó gbà á lọ́hùn-ún pè wá. Pẹ̀lú ọ́síjìn tó wà nímú rẹ̀, ẹ̀rọ ìka sọ fún wọn pé 93. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú iṣan ọwọ́ rẹ̀ sọ pé 84.

Ìyá lo ọjọ́ mọ́kànlá lọ́hùn-ún, ó sì padà sílé láàyè. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi í yangàn.

Ní oṣù kejì, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tó ti wà ní Birmingham, fi ìròyìn kan sórí WhatsApp wa. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé àwọ̀ dúdú, ìka tó tutù àti ọ̀dà èékánná lè mú kí ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn ṣìnà. Ìwádìí àwọn dókítà Yunifásítì Michigan, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ló ṣáájú ìkìlọ̀ náà. Wọ́n wo àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, wọ́n sì fi wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára wọn. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí ìgbà 12 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ọ́síjìn kò tó 88 rárá. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò tó 4. Ohun tó mú àwọ̀ wa dúdú náà ń gba lára iná ẹ̀rọ mu, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n fi dán irú ẹ̀rọ yìí wò. "Ètè ta ni?" Ìbéèrè tí Métírọ́ọ̀nù fi ń yẹ ìwé wò ni ó yẹ kí n fi yẹ ẹ̀rọ wò.

Ara fẹ́ kọ́kọ́ fúyẹ́ fún mi nígbà tí mo kà á. Mo ti rí ibi tí n ó di ẹ̀bi mi lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló ní kí n má ka mímí mọ́. Ẹ̀rọ kọ́ ló kọ 20 sí kádì. Kí ìwádìí tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ ìyá náà ti sọ òótọ́ fún mi ní ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ni mo fi nọ́ńbà pa á lẹ́nu mọ́.

Ó wá kí mi lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ padà sílé. Ó gbé èlùbọ́ kóńgò méjì dání. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọpẹ́lọpẹ́ yín tí ẹ pe dókítà." N kò lè gba ọpẹ́ yẹn. Mo mú un jókòó, mo sọ fún un pé òun ló kọ́kọ́ rí i, pé mo ṣe àṣìṣe, pé kó má bínú sí mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mo mọ̀ pé wọn ò mí dáadáa, mà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fi nọ́ńbà yẹn hàn mí, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo mú kó ṣiyèméjì sí ìfẹ́ tó fi ń wo ìyá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní Birmingham sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀rọ ló ń ro iye ewu tó wà lára aláìsàn pọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ṣì ní láti fojú ka mímí kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bá wá sí wọ́ọ̀dù mi báyìí, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ há ìka aláìsàn, n ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ojú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ka mímí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á wo inú ètè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọjú sí ẹni tó jókòó ti aláìsàn, ọmọ ni o, ọkọ ni o, wọ́n á bi í pé, "Kí lẹ rí lára wọn lónìí tí ẹ ò rí lánàá?"

Wọ́n á kọ èsì rẹ̀ sí kádì bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń gbé ọwọ́ mi kúrò.