Aboyún àti bàrà olómi

Ẹ̀yin aboyún Ìdòfin, ẹ jẹ bàrà olómi yín. Inú mi kì í dùn bí wọ́n bá ń fi èso dẹ́rù ba aláboyún. Omi inú bàrà olómi lé ní 90 nínú 100, ẹni tí èébì ò jẹ́ kó gbádùn sì nílò irú rẹ̀.

Ọ̀bẹ ló ń kọ mí lóminú. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń gé tà létí títì: ó ti sùn sórí ilẹ̀ oko, ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá láti òkè Ọya, wọn ò fọ èèpo rẹ̀, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé e láti àárọ̀, eṣinṣin sì ń bà lé e. Ìdọ̀tí ara èèpo ni ọ̀bẹ yẹn ń tì wọnú. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, kòkòrò àrùn Listeria tó wà lára bàrà cantaloupe pa ènìyàn tó lé ní 30, oyún kan sì bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kòkòrò yìí lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, fíríìjì gan-an kò dá a dúró.

Odidi ni kí ẹ rà. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ èèpo rẹ̀ kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nílé ìwòsàn pé ṣúgà rẹ̀ ga, kó rọra jẹ ẹ́.

Ẹ̀gúsí oko wa, tó jẹ́ ẹbí bàrà olómi, ńkọ́? Oúnjẹ gidi ni fún aboyún, àfi èyí tí wọn ò sá gbẹ tó sì ti bu. Ẹ má gbọn ìyẹn lásán kí ẹ wá lọ̀ ọ́ sọ́bẹ̀. Ẹ dà á nù.