Katakata Tí Kò Tètè Jí, Tí Kò sì Lágbára



Ẹni tí ń gbé ìgboro lè rò pé ọ̀rọ̀ katakata kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀kọ tí a fi ń ṣínu àti gààrí tí ó wà nínú àpò wa, inú ilẹ̀ tí a tú ni wọ́n ti jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló sì ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò bọ́ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ lára katakata, èyíinì ni kí ó ṣòro jí ní òwúrọ̀, kí ó sì máa mí hẹlẹ bí irin ìtúlẹ̀ bá ti wọ ilẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná bíi ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Rudolf Diesel ni ó gbé e kalẹ̀, ọdún 1897 ni wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò ní ìlú Augsburg tí wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a fún atẹ́gùn mọ́ra títí tí èyí tí ó gba àyè bíi mẹ́rìndínlógún yóò fi wọ inú ẹyọ àyè kan. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé atẹ́gùn tí a fún a máa gbóná. Ti inú ẹ́ńjìnnì yìí a máa gbóná kọjá 500 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì. Bí epo bá ti fọ́n sí i bí ìrì, iná sọ nìyẹn. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa: atẹ́gùn tí ó tó, ìfúnmọ́ra tí ó gbóná, àti epo mímọ́ tí atẹ́gùn kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn ni àwọn ènìyàn kì í kà sí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ààwẹ̀ ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn níbi tí a ti ń dáko. Katakata tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́sáláṣí wa ní. Opó mẹ́rin wà lára àwọn tí ó ti san owó ìtúlẹ̀ sílẹ̀. Ó wá di pé a ó yí ẹ̀rọ yìí títí bátìrì yóò fi rẹ̀. Bí ó bá pàpà jí, èéfín funfun ni yóò kọ́kọ́ tú síta, yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò sì rọ láàárín oko. Mẹkáníìkì tí a pè láti ìgboro tẹ́tí sí i, ó ní pọ́ǹpù ńlá tí ń pín epo ti kú, kí a ra òmíràn, kí a sì tú orí ẹ́ńjìnnì. Iye tí ó dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó ẹgbẹ́ lọ, ti àwọn opó pẹ̀lú.

Akápò ti ń ka owó nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọn ibi tí kò ní ná wa lówó. Bí n kò bá rí nǹkan kan títí di ìrun aláásárì, ẹ máa san owó yín."

Alága ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí?"

Lèmọ́mù dá a lóhùn pé, "Alága, owó àmáánà ni. Ẹ jẹ́ kó wò ó."

Ó fi sáńpépà ha orí bátìrì àti ẹnu wáyà, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí kíákíá, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ní gbóná tó. Ó wo ihò kékeré ara ìdérí táǹkì. Bí ìdọ̀tí bá dí i, epo kò ní lè sọ̀. Tiwa kò dí. Fílítà atẹ́gùn ni eruku pupa ti kún bámúbámú. Ìyẹn nìkan tó láti gba agbára lọ́wọ́ katakata, ṣùgbọ́n èéfín dúdú ni ó máa ń mú wá, funfun sì ni tiwa. Nítorí náà ó gbọn ọ́n, kò sì dúró síbẹ̀.

Ó tú ìdè orí fílítà epo, ó ń fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tí ń fa epo láti inú táǹkì. Epo ń hó jáde bí omi ọṣẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìhóhó náà fi tán, ó dì í padà, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ti ń ké alihamudulilahi. Ọmọ náà kò yọ̀. Ó pa á, ó ní kí ó sinmi ná. Nígbà tí a kírun ọ̀sán tán tí a padà dé, kò jí mọ́.

Atẹ́gùn ń gba ibì kan wọlé, ibo ni? Ó bu epo mímọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, ó gbé e ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, ó fi họ́ọ̀sì tí a lè rí inú rẹ̀ so ó mọ́ pọ́ǹpù kékeré, ó sì yọ ti táǹkì kúrò. Ó lé atẹ́gùn jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ́ńjìnnì jí, a ki irin ìtúlẹ̀ bọ ilẹ̀, kò tilẹ̀ mira. Bí pọ́ǹpù ńlá bá ti kú ni, gálọ́ọ̀nù kò lè jí i dìde.

Họ́ọ̀sì tí ó ti táǹkì wá ni ó ti sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ kílíìpù. Kò jò síta kí ẹnikẹ́ni tó rí i, torí táǹkì tiwa wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù. Fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo, dípò kí epo jáde, atẹ́gùn ni ń wọlé. Bí katakata bá dúró mọ́jú, epo a sá padà sínú táǹkì. Kò ní jí láàárọ̀. Bí iṣẹ́ bá le, atẹ́gùn a tún wọ̀ sí i. Agbára rẹ̀ yóò lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún epo tí ń fọ́n láti ẹnu nọ́súlù. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti atẹ́gùn inú táyà mọ́tò, ó ń gún awọ ara wọlé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ojú ọgbẹ́ ìbáà kéré bí orí abẹ́rẹ́. Àkísà tí a rẹ sínú bẹntiróòlù tí àwọn kan ń fi sí ẹnu atẹ́gùn kí ó lè jí, ẹ má dán an wò. Ó lè sun ènìyàn, ó sì lè fọ́ ẹ́ńjìnnì.

N kò pe mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní olè. Pọ́ǹpù a máa kú lóòótọ́. Bí èéfín bá sì ń tú yàà láti ihò tí a ń bu ọ́ìlì sí, tí ọ́ìlì ń dín lójoojúmọ́, tí èéfín sàlẹ́nsà sì ní àwọ̀ aró, inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ nìyẹn, kí a tú u ló kù. Ohun tí ó dùn mí ni pé ó dá owó kí ó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tù kan.

Họ́ọ̀sì tuntun kan, kílíìpù méjì, àti fílítà epo pẹ̀lú ti atẹ́gùn ni a rà. Akápò dá owó yòókù padà sínú àpótí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé lójú gbogbo wa. Ilẹ̀ àwọn opó ni a kọ́kọ́ tú. Ti ìyá tí ó kẹ́yìn nínú wọn, ọjọ́ Sátidé ni a parí rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.