Ìwé Ìṣirò Ìyá Ẹlẹ́rọ

Káàdì ilé ìwòsàn ni mo ń wá lábẹ́ ìrọ̀rí màmá mi nígbà tí ọwọ́ mi ba ìwé kan. Irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ ni. Ata àti epo ti pa ẹ̀yìn rẹ̀ láró, wọ́n sì fi òwú so báírò mọ́ ọn lára. Mo rò pé orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè nìkan ni n óò bá nínú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ènìyàn ń pe màmá mi ní Olódò, lójú ọ̀nà tó gba Ìbàdàn lọ sí Ìwó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń lọ ata, ẹ̀wà àti ọkà fún àwọn ará àdúgbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ṣubú nídìí ẹ̀rọ. Àwọn aládùúgbò gbé wọn sínú Micra, ó di ilé ìwòsàn alábọ́dé kan. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sí iná, kò sì sí òògùn. Nọ́ọ̀sì náà ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ: ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, ó rí i pé ó ti lé ní igba, ó sì ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sígboro kíákíá. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọwọ́ òsì wọn kò lè gbé nǹkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n padà bọ̀ sípò.

Dókítà bi mí pé, "Ṣé màmá ń lo òògùn wọn déédéé?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó dá mi lójú. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń lò ó nígbàkúùgbà tí mo bá wá kí wọn.

Nígbà tí mo ṣí ìwé náà ni mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún dókítà.

Ojú ewé kan ni wọ́n fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n pa lójúmọ́ wà lápá òsì, iye tí wọ́n ná wà lápá ọ̀tún, àròpọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Létí ewé, wọ́n fa ìlà kékeré síwájú ọjọ́ tí wọ́n bá lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìlà náà pé ọgbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Epo lítà mẹ́wàá, 1,950." Ní ìparí oṣù Keje: "Epo lítà mẹ́wàá, 6,200." Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024: "Epo lítà mẹ́wàá, 10,700." Òògùn oṣù kan tí wọ́n ń ra ní 2,400 ti di 7,500.

Bí owó yẹn ṣe ń gòkè ni ìlà etí ewé ń fò. Ó kọ́kọ́ di ọjọ́ kan wà, ọjọ́ kan kò sí. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ìlà mẹ́jọ ló kù lóṣù. Ṣùgbọ́n Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kò fò rí, kódà nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ àti mẹ́rin tó tẹ̀lé e ṣófo. Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń wá kí wọn.

Mo gbé ìwé náà lọ bá wọn lórí àga. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n wò mí títí. "Àṣàkẹ́, bí n ò bá ra epo, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, kí ni n óò fi ra òògùn?"

"Ẹ ò ṣe fi owó kún iye tí ẹ fi ń lọ ata?"

"Mo fi kún un. Abọ́ tí wọ́n ń gbé wá ló ń kéré sí i."

Ọdún 1957 ni wọ́n bí màmá mi, ní abúlé kan lẹ́bàá Ẹ̀rúnmu. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méje ni bàbá wọn tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó bí. Màmá mi máa ń sọ pé ká ní wọ́n ń gba owó ni, àwọn ọkùnrin méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ìbá kàwé. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà, tí wọ́n ń kọ iye owó sápá ọ̀tún, tí wọ́n ń ròó pọ̀ nísàlẹ̀. Ìjọba kan ló fi báírò lé wọn lọ́wọ́. Báírò yẹn náà ni wọ́n fi kọ ohun tí ìpinnu ìjọba mìíràn ṣe fún wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là. N kò ní sọ pé kò nídìí. Owó ìrànwọ́ yẹn ń jẹ owó tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn àti ilé-ìwé, olówó tó ní mọ́tò mẹ́ta ń jẹ nínú rẹ̀ ju ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì ń kó epo náà gba ẹnubodè lọ tà. Ohun tó dùn mí ni bí ẹrù náà ṣe sọ̀kalẹ̀. Epo ń jó nínú ẹ̀rọ màmá mi. Epo náà ló ń gbé pákí àti ata láti oko wá sọ́jà. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra òògùn wọlé, àti pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé iṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ẹrù mẹ́ta ló sọ̀ sórí ènìyàn kan láàárín oṣù mẹ́ta.

Bàbá àgbà mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa Àgbẹ́kọ̀yà, ọdún 1968 sí 1969. Nígbà yẹn, agbowó-orí ń wá sábúlé. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ iye tó béèrè. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn kọ̀, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì dín owó-orí náà kù níkẹyìn. Èyí tí màmá mi ń san báyìí kò ní agbowó, kò ní rìsíìtì. Inú abọ́ ata ló fara pamọ́ sí. Ta ni wọn yóò lọ bá pé ó pọ̀ jù?

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni èmi. Nígbà tí epo gbówó lórí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí wa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún wa ní àfikún 25,000 náírà lóṣù, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gba 15,000. Ní oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní 30,000, ó di 70,000, Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí 80,000. Kò tó, ṣùgbọ́n ẹnìkan bá wa sọ ọ́. Ta ló bá Ìyá Ẹlẹ́rọ sọ tiwọn?

Kí n má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń fi 10,000 náírà ránṣẹ́ sí màmá mi lóṣù. Nígbà náà, nǹkan bí 165 náírà ni lítà epo kan, owó mi sì ń ra ọgọ́ta lítà. Ní ìparí ọdún 2024, owó kan náà kò ra lítà mẹ́wàá pé. N kò fi kọ́bọ̀ kún un. Mo ń wo ara mi bí ọmọ tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, èmi náà ti yọ owó ìrànwọ́ tèmi, n kò tiẹ̀ kéde rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìlera. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí i. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti forúkọ mi sílẹ̀. Màmá mi kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà, nítorí kò sẹ́ni tó dé ìdí ẹ̀rọ wá sọ ọ́. Èmi tí mo mọ̀, n kò sọ. Ní Gánà, tí wọ́n ti ṣe òfin tiwọn láti ọdún 2003, wọ́n ń yọ ìdá kan nínú owó orí ọjà sínú àpò ìlera, àgbà tó bá sì ti pé àádọ́rin ọdún kì í san owó ọdọọdún. Owó kékeré tí gbogbo ènìyàn ń san nídìí ọjà ló ń padà wá di òògùn fún wọn.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Láti Àbújà, gbogbo wa la danú délẹ̀. Ẹni tó máa mọ èyí tínú ń run, àfi kó súnmọ́ ilẹ̀. Bí agbowó-orí bá lè dé gbogbo abúlé nígbà kan, ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò lè dé ọjà Olódò, kó bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, kó jókòó nídìí ẹ̀rọ ata níbi tí gbogbo obìnrin àdúgbò ń kọjá. Kí ìjọba sì gbé èyí kalẹ̀ kó tó mú èyí tó wà nílẹ̀ kúrò. Ìrọ̀rí la kọ́kọ́ ń tẹ́, ká tó yọ apá lábẹ́ orí ẹni tó sùn.

A ti forúkọ màmá mi sílẹ̀ báyìí. Mo ti fi owó kún tèmi, mo sì ra ìwé tuntun fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé Olódò ní ọjọ́rú, n kò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Ẹ̀rọ ń ké, àwọn oníbàárà tò. Mo yọ ìwé náà lábẹ́ àga wọn, mo wo etí ewé.

Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, òní kọ́ ni Àìkú àkọ́kọ́."

Ìlà wà níbẹ̀.