Ìyá Tó Gbé Ìkòkò Lọ sí Àró

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú Bọ̀ọ̀dá Wẹ́dà lọ sí Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Ìkòkò méjì ló gbé, pẹ̀lú àdògán, ẹní kan àti àpò èlùbọ́, bí ẹni tó ń lọ lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ní abúlé. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní agboolé wa ní Méńdè, ní Maryland, ní Èkó. Maryland ìgbà yẹn kò tíì ní ilé ìtajà dúdú gàgàrà tí wọ́n ṣí ní 2016. Ẹ̀fọ́ ni ìyá mi ń gbìn sí ibi tí bánkì wà lónìí. Gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò wọ́n, ohun kan ṣoṣo ló sì ń yà mí lẹ́nu: ta ló ń gbé ìkòkò lọ sí ilé ìwòsàn?

Wẹ́dà là ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn ló ti ń jó irin. Àsìkò yẹn ni ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìkẹjà bí olú. Guinness pàápàá ti ṣí ilé ìpọntí tirẹ̀ síbẹ̀ ní 1962. Bíà ni wọ́n ń fi ń ṣe fàájì lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ògógóró ni ti ojoojúmọ́. Obìnrin kan máa ń jókòó nítòsí géètì pẹ̀lú ìgò àti ife kékeré. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ ń yà síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bí ọwọ́ bá sì ń gbọ̀n, irin kò ní ṣe é jó. Ife kan á mú ọwọ́ náà dúró. Ní òru ọjọ́ kan ló figbe ta pé àwọn sójà ń gun ògiri. Kò sí sójà kankan.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan ní Agége, tó fi egbò asofẹ́yẹjẹ mú un sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Egbò yìí kì í ṣe ẹ̀tàn o; àwọn dókítà òyìnbó náà rí agbára tó ń rọ orí gbígbóná nínú ìran rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe jí, ọtí ló béèrè. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àgbàlá kejì ló wá dárúkọ Àró.

Ohun tí ìkòkò wà fún nìyí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìtọ́jú ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé mẹ́rin tó yí Àró ká sọ̀rọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì gba aláìsàn sílé, wọ́n ń gba owó yàrá. Ní ọ̀sán, aláìsàn á lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn ní ilé ìwòsàn. Ní ìrọ̀lẹ́, á padà sí abúlé, á jókòó ti àwọn tó ń ta ayò. Ṣùgbọ́n Lámbò fi òfin kan lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ìyàwó, àbúrò, ẹnì kan láti ilé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa fojú rí bí ìwòsàn ṣe ń lọ.

Ìyá Bọ̀ọ̀dá lo oṣù méjì. Àbúrò Bọ̀ọ̀dá tó jẹ́ obìnrin pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ó lọ lo oṣù méjì yòókù. N kò ní purọ́ fún yín, ọtí tún padà mú un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó dé. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, àbúrò yìí ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí ọtí tó padà sí ẹnu, oorun á kọ́kọ́ lọ, ìbínú á sì dé. Kò pariwo, kò pe àdúgbò. Ó kàn di ẹrù méjì, tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kejì yẹn, Bọ̀ọ̀dá kò mu ún mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ ogbó.

Ẹ má gbọ́ mi bí ẹni ń sọ pé oyin ni ayé àtijọ́. Àwọn tó rí Àró kò tó nǹkan. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ yòókù, ní ẹ̀yìnkùlé tàbí ní ilé aṣíwèrè Yábà tí àwọn òyìnbó ṣí ní 1907. Dókítà Tọ́lání Asuni, dókítà ọpọlọ ní Àró, ti kọ̀wé ní 1964 nípa àwọn tí igbó ń gbé dé Àró, ṣùgbọ́n èsì tí ìjọba ológun fún wọn ní 1966 ni òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé ẹni tó bá fa igbó, ọdún mọ́kànlélógún tàbí ikú lé ẹni tó bá gbìn ín. Ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún, ọ̀daràn ni lójú òfin, wèrè ni lójú àdúgbò.

Lónìí, bí mo bá ń bọ̀ láti Maryland ní alẹ́, tí mo gba ìdí bírí́jì kọjá, mo ń rí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti ọmọ-ọmọ mi lọ. Kì í ṣe ògógóró nìkan mọ́. Pàrágà ni, ọtí inú ọ̀rá ni, tramadol ni, kọlọ́rádò ni. Nígbà tí ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkódíìn ní 2018, àwọn ọmọ yìí kàn wá òmíràn ni. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, tó jáde ní 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Èkó ló ga jù lọ, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64.

Ibi ìtọ́jú náà sì ti pọ̀ sí i, mo dúpẹ́. Láti Maryland, dáńfó kan ló máa gbé yín dé ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, níbi tí dókítà ọpọlọ wà. Yábà, tí àwọn ọmọ ìta ṣì ń pè ní Yábà Lẹ́fútù, ní ẹ̀ka fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, Àró náà sì ní tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1980. Àwọn NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, kì í ṣe kìkì ẹni tó ń mú èèyàn mọ́. Wọ́n ní àwọn olùdámọ̀ràn, wọ́n sì ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè pè tọ̀sán-tòru: 0800 1020 3040. Ìjọ Rìdíìmù ní CADAM, tó ń ran àwọn tí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí àwọn ọ̀mùtí méjì dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, ń ṣe ìpàdé ní Èkó. Ní oṣù Kìíní 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó gba ipò òfin aṣíwèrè àtijọ́. Bàbá mi ìbá rí gbogbo èyí, á ní ayé ti dára.

Àmọ́ ilé kan tún wà láàárín wọn tí kò ní pátákó, tí ògiri rẹ̀ ga. Ọmọ aládùúgbò mi kan ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Tramadol ló mú un. Ní aago mẹ́ta òru, àwọn géńdé mẹ́rin wá, wọ́n dì í tọwọ́-tẹsẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sínú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ló pè wọ́n, òun ló sanwó. Oṣù mẹ́fà. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rí i, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ló ń gbà. Èyí kọ́ ni tàwọn tó burú jù: ní oṣù Kọkànlá 2019, èèyàn 259 ni ọlọ́pàá tú sílẹ̀ nínú ilé kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní ibi àtúnṣe ni. Ọmọ yẹn padà dé, ó sanra, ó ń kí gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti wà ní ìdí bírí́jì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó mọ ohun tó yẹ kí òun máa ṣọ́.

Ewu ńlá ni àsìkò tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé yẹn, tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, ara rẹ̀ kò gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá tún lo iye yẹn, ó lè sùn kí ó má jí. Ti ọtí tún yàtọ̀: ẹni tó ti ń mu ún láti òwúrọ̀ dalẹ́ fún ọdún púpọ̀, bí ẹ bá tì í mọ́ yàrá láìsí dókítà kí ó lè gbàgbé rẹ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Kì í ṣe orí kunkun ló ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi ń fẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá ní Méńdè, ní Ojọ̀ta, ní Agége, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè dókítà tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ lè wá wo ọmọ yín. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa kọ́ ẹ̀yin fúnra yín kí ó tó padà wálé. Bí wọ́n bá sọ pé kí ẹ má wá, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀.