Páálí mílíìkì kan ṣoṣo

Mo tún wo Snatch lálẹ́ àná, fíìmù Guy Ritchie tó jáde lọ́dún 2000.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé:
Turkish gba mílíìkì lọ́wọ́ Tommy tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ó jù ú síta látojú fèrèsé ọkọ̀.
Ó fọ́n sí gíláàsì ọkọ̀ míì, ti Tony, ni ọkọ̀ yẹn bá forí sọ nǹkan.
Boris tó wà nínú ọkọ̀ Tony já bọ́ síta, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́,
ni ọkọ̀ kẹta, ti Tyrone, bá tún gbá a!

Ọkọ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni nínú wọn tó mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe so kọ́ra.
Àwa tá à ń wò ó nìkan la mọ̀.
Ó dùn mọ́ mi ju dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń lé kiri nínú fíìmù náà lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ló pa yín lẹ́rìn-ín jù?