Oògùn Wo Ni Wọ́n Ń Wá Lára Wa?

Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ èyí: àwa mẹ́ta la jọ kọ nǹkan yìí, ọ̀kan péré nínú wa ló sì ṣẹlẹ̀ sí. A ò ní sọ ẹni tó jẹ́. Àdéhùn wa nìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ wá ní Houston, tí ẹ fẹ́ máa fi ìka kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, lápá Bissonnet, níbi tí èèyàn ti lè ra pọ̀nmọ́ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ láì rìn jìnnà. Àǹtí ló ni ilé. Àǹtí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wa. Màmá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé rẹ̀. Ó gbà wá sílé nígbà tí a ò mọ ibi tí a máa forí pamọ́ sí. Òru la fi ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ọ̀sán la fi ń sùn. Bí a ṣe ń wò yí ká, a rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí owó ń wọlé fún ládùúgbò wa, tírélà ni wọ́n ń wà. Ni a bá dá owó jọ fún oṣù mẹ́jọ, a forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé àwọn awakọ̀ tírélà. Dandan ni ilé ìwé yẹn. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, ẹni tó bá ń gba irú láísẹ́ǹsì yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀ ná, kó tó lọ ṣe ìdánwò ojú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé a ò ní fọwọ́ kan tírélà kankan lójú títì títí èsì drug test wa á fi jáde.

A pe màmá ọ̀kan nínú wa ní Ìbàdàn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A ní, "Mọ̀mí, wọ́n fẹ́ yẹ̀ wá wò bóyá oògùn wà lára wa." Mọ̀mí dákẹ́. Ó wá ní, "Oògùn kẹ̀? Ońdè yẹn ni àbí? Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A ní rárá o, oògùn olóró ni wọ́n ń wá, igbó, kokéènì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mọ̀mí mí kanlẹ̀. "Háà, ìyẹn ò kàn yín."

Ohun tó wà lọ́kàn àwa náà nìyẹn. Kò kàn wá. Kò sẹ́ni tó ń mugbó nínú wa. Ọ̀kan ò tilẹ̀ lè mu bíà kan tán.

Ọjọ́ Ajé la lọ ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, torí kò jọ èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́sibítù. Wọ́n ní ká kó gbogbo ohun tó wà lápò wa síta. Wọ́n ní ká fọwọ́. Omi inú ṣáláńgá ti di aró, wọ́n ti da nǹkan búlúù sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa bu omi kún ìtọ̀. Obìnrin tó ń gbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà. O gbọ́dọ̀ tọ̀ tó mílílítà 45, ó kéré tán. Bí o bá gbé e fún un, yóò wo ìgbóná rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin: bí kò bá sí láàárín 90 sí 100 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ọ̀ràn dé, á jẹ́ pé o gbé ìtọ̀ ẹlòmíì wá nìyẹn. Ojú rẹ ni yóò ṣe dà á sínú ìgò méjì, 30 sínú ọ̀kan, 15 sínú èkejì, yóò lẹ̀ ẹ́ pa, ìwọ náà á fọwọ́ sí i.

Ìtọ̀ kọ̀ láti wá fún ọ̀kan nínú wa. Ọmọ tó dàgbà sí Múṣin, tó ti tọ̀ sójú gọ́tà láti kékeré láì wojú ẹnikẹ́ni, ló dé yàrá tó ń dán gbinrin tí kò rí ẹ̀kán kan tọ̀. Òfin fún un ní wákàtí mẹ́ta, ó sì lè mu omi tó 40 ounce, tó lé díẹ̀ ní lítà kan, láàárín àkókò náà. Bí wákàtí mẹ́ta bá pé tí kò sí nǹkan, ó di kó lọ bá dókítà, kí dókítà sọ bóyá àìsàn ló fà á. Bí kì í bá ṣe àìsàn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ àyẹ̀wò ni, kíkọ àyẹ̀wò àti jíjábọ́ nínú rẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Àwa tó kù jókòó níta, à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ń fẹnu ṣe "ṣùùù" bí ìyá ọlọ́mọ. Wákàtí kejì ló tó dá a lóhùn. Gbogbo ẹ̀rù tó bà wá lọ́jọ́ yẹn, ti pé kò ní rí i tọ̀ ni. Ẹ̀rù ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ò bà wá rárá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, fóònù dún. Dókítà ni. Kì í ṣe ẹni tó máa tọ́jú èèyàn o, dókítà tí òfin ní kó máa yẹ èsì láàbù wò kó tó dé ọwọ́ iléeṣẹ́ ni. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó ní kí ọ̀kan nínú wa bọ́ síbi kọ́lọ́fín. Ó ní wọ́n rí hydrocodone. Ó ní, ṣé o ní ìwé dókítà fún un?

Ọ̀kan nínú wa yìí ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ẹ̀yìn dá a dúró níbi páálí, bó ṣe ń rákò ni Àǹtí ṣe rí i lálẹ́ Sátidé. Ọdún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí ní orúnkún, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora. Àǹtí ò lò ó tán, ta ló ń da oògùn nù? Ó bu ìrẹsì fún un, ó ní, "Jẹun ná. Gba méjì yìí, lo ọ̀kan báyìí, lo ọ̀kan lọ́la, wàá sùn bí ọmọ tuntun." Ó lò ó. Ó sùn bí ọmọ tuntun. Àwa náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

Ṣé ẹ rí i, a ò purọ́ nígbà tí a sọ fún Mọ̀mí pé oògùn olóró ni wọ́n ń wá. Bí èdè wa ṣe gbé e fún wa nìyẹn. Oògùn wà, tí ń wo èèyàn sàn. Oògùn olóró wà, tí ń ba ayé èèyàn jẹ́. Èyí tí Mọ̀mí kọ́kọ́ rò náà wà. Àmọ́ drug tí àwọn yìí ń sọ, ó kó méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ìdí márùn-ún ni wọ́n ń wá: igbó, kokéènì, PCP, amphetamine, àti ìdílé opioid. Inú ìdílé ìkẹyìn yìí ni heroin wà, ibẹ̀ náà ni codeine tí Nàìjíríà fòfin dè nínú oògùn ikọ́ lọ́dún 2018 wà, ibẹ̀ náà ni hóró méjì tó wà lápò aṣọ Àǹtí wà. Ohun tó sọ ọ̀kan di oògùn, tó sọ èkejì di ẹ̀ṣẹ̀, ni orúkọ ẹni tó wà lára ìgò. Bí ìgò náà bá jẹ́ tiẹ̀, dókítà á pe ilé ìtaògùn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ti igbó tiẹ̀ tún yàtọ̀: àwọn ìpínlẹ̀ wà tí dókítà ti lè kọ ọ́ fún èèyàn, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò wúlò fún awakọ̀ tírélà, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ni àyẹ̀wò yìí ń tẹ̀ lé.

Níbi tí a ti dàgbà, wọ́n máa ń po oògùn fún èèyàn ní kẹ́míìsì bí ẹni ń bu gààrí, pupa méjì, funfun kan, láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára nǹkan kan. Bí orí bá ń fọ́ ẹ, ará ilé rẹ ló máa kọ́kọ́ fún ẹ ní nǹkan. Ẹni tó ní oògùn lọ́wọ́ tí kò fún ẹ, ahun ni.

Dókítà fún un ní ọjọ́ díẹ̀ láti wá ìwé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn le. Ọ̀kan nínú wa ní ká wá ẹnìkan tó máa kọ ìwé, ká fi déètì oṣù tó kọjá sí i. A wo ara wa. Ẹ má rò pé ìwà mímọ́ ló jẹ́ ká kọ̀ ọ́, ẹ̀rù ló bà wá. Ọ̀kan ní ká ní kí wọ́n lọ yẹ ìgò kejì wò ní láàbù mìíràn, torí òfin fún èèyàn ní wákàtí 72 láti béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Ṣebí mo gbé e mì." Ọ̀kan sì tún béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè, tó ń dùn wá di òní: "Ṣó dá ẹ lójú pé méjì péré ni?"

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó sọ òótọ́ fún dókítà. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Àǹtí. Fífún ẹlòmíì ní irú oògùn yẹn, òfin dè é, a ò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbà jáde. Ó ní ẹnìkan nílé ló fún òun. Dókítà ní ó dun òun, pé ìyẹn kì í ṣe àwíjàre. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó dà bíi pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ilé ìwé lé e. Wọn ò dá owó padà. Orúkọ rẹ̀ wọ Clearinghouse, àkọsílẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣí lóṣù Kìíní ọdún 2020. Gbogbo iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba awakọ̀ síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni yóò wà níbẹ̀, ó kéré tán. Kó tó lè wa tírélà, ó gbọ́dọ̀ rí amòye tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oògùn, kó ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tó bá ní kó ṣe, kó tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí ẹnìkan á ti máa wò ó bó ṣe ń tọ̀. Bó bá ríṣẹ́ tán, àyẹ̀wò mẹ́fà ó kéré tán láàárín oṣù méjìlá àkọ́kọ́.

A ò ta ko àyẹ̀wò náà o. Bàbá ọ̀kan nínú wa wa tírélà láti Apápá lọ sí Kano fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ ohun tí paraga máa ń ṣe fún awakọ̀ lálẹ́, ó bá wọn gbé òkú lójú ọ̀nà. Ní Maryland, lóṣù Kìíní ọdún 1987, ọkọ̀ ojú irin méjì kọlu ara wọn, èèyàn 16 kú, wọ́n sì rí igbó lára ẹni tó wa ọ̀kan. Ó wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1991 tó kan àwa náà lónìí. Tírélà tó kún lè wúwo tó 80,000 pọ́ùn. Ẹni tó lo oògùn ìrora, oorun ń kùn ún, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wà lẹ́yìn òun lójú títì. Ohun tó ń bí wa nínú kéré: pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ka ìwé gìrìgìrì, wọ́n ní "no drugs", gbogbo wa mi orí. Ìbá ṣe pé ẹnìkan sọ ọ́ pé, "Kódà èyí tí ìyá yín fún yín," ọ̀kan nínú wa ò bá fara da ẹ̀yìn dídùn fún alẹ́ méjì.

Méjì nínú wa ti ń wakọ̀ báyìí. Ọ̀kan ṣì ń gbé páálí lóru, ó ń fi owó rẹ̀ sanwó fún amòye. Àǹtí ò mọ̀. Ohun tí a sọ fún un ni pé ìwé ẹnìkan ò tíì jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí kan ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ tẹ́nìkan ń kérora bó ṣe ń tẹ̀ wọ bàtà. Ó mú ìgò náà dání. "Ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ṣé kí n fún ẹ ní ọ̀kan?"

Ọ̀kan nínú wa nàró. Ó ní, "Ó ti san, mà. Ẹ ṣé gan-an, mà."

Àǹtí ní ó dáa, ó lọ mú Robb wá.