Kí Ló Wà Nílẹ̀ Tó Fi Ṣubú?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Fẹ́mi, látìgbà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Ìbàdàn níbí, n kò rí i kí tábìlì gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ẹ̀rọ ìlapákó ní Bódìjà ló ń gé ọwọ́, orí àkàbà ni bíríkìlà ti ń já bọ́. Kí ni àwọn òyìnbó rí nínú iṣẹ́ ìjókòó tí wọ́n fi ń ṣòfin lé e lórí?

FẸ́MI: Àǹtí, ohun tí ẹ̀yin náà ń rí lójoojúmọ́ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ṣiṣẹ́, kíkọsẹ̀ àti yíyọ̀ ṣubú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú wà lára ohun tó ń ṣe òṣìṣẹ́ léṣe jù lọ́dọọdún. Omi tó dà sórí táìlì, etí káàpẹ́ẹ̀tì tó ká sókè, dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tẹ́nì kan fà síta tí kò tì padà.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Kéèyàn ṣáà máa wolẹ̀ tó bá ń rìn. Ta ni kò mọ ìyẹn?

FẸ́MI: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nílé níbí, bí ẹnì kan bá ṣubú, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ṣé o ò ríran ni?" A ó kí i pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Lọ́hùn-ún, wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n á béèrè ohun tó wà nílẹ̀ tó fi ṣubú, ẹni tó yẹ kó ti kó o kúrò, àti ohun tí wọ́n máa yí padà kí ẹlòmíràn má bàa ṣubú síbẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 1974 gbé e lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn pé kó dáàbò bo òṣìṣẹ́ dé ibi tó bá ṣeé ṣe. Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀ nínú òfin kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò lè torí ìyẹn fi wáyà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Wáyà tí o ń wí yìí, kí la fẹ́ ṣe sí i? Ògiri kan ṣoṣo ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì wa, gbogbo wa là ń lo kọ̀ǹpútà. Bí NEPA bá tún mú iná lọ, a ó na òmíràn láti ibi jẹnẹrétọ̀. Níbo lo fẹ́ ká gbé e gbà?

FẸ́MI: Ẹ gbé tábìlì lọ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bá ṣeé gbé, kí wáyà rẹ̀ gba ẹsẹ̀ ògiri, kó má dábùú ọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ńkọ́, níbo ló wà?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Abẹ́ fèrèsé yàrá fáìlì, nítorí olè.

FẸ́MI: Háà, Àǹtí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò! Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó ń fà á símú á rò pé orí fífọ́ lásán ni, tàbí oorun ọ̀sán. Ó ti pa odindi ìdílé mọ́lé nílẹ̀ yìí. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, kí ẹ fi irin ṣe àgò fún un níbẹ̀ tó bá jẹ́ olè lẹ̀ ń bẹ̀rù.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Orí sì máa ń fọ́ àwọn tó ń to fáìlì níbẹ̀. Eruku la rò pé ó fà á... N ó bá ọ̀gá sọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dun èmi, ọjọ́ orí ni.

FẸ́MI: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà ló lè sọ. Àmọ́ mo rí bí ẹ ṣe jókòó ti láptọ́ọ̀pù lánàá: ọrùn yín tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ yín kò kanlẹ̀. Láti ọdún 1992 ni òfin ti wà lọ́hùn-ún pé kí agbanisíṣẹ́ yẹ ìjókòó ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ wò, kó sì sanwó àyẹ̀wò ojú tí òṣìṣẹ́ bá béèrè fún un. Ṣé ó dìgbà tí òfin bá dé ká tó to bébà sábẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí òkè rẹ̀ bá ojú yín dọ́gba? Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń so mọ́ ọn, kí ẹ wá àpótí kékeré gbẹ́sẹ̀ lé. Kí ẹ sì máa dìde: ìṣẹ́jú 5 sí 10 láàárín wákàtí kan sàn ju ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn wákàtí méjì.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Ọ̀gá á ní mò ń sá fún iṣẹ́.

FẸ́MI: Ẹ fi iṣẹ́ ìdúró sí àkókò yẹn, bíi fáìlì tí ẹ fẹ́ lọ mú. Kí ara ṣáà ti kúrò lójú kan.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Fáìlì tí o dárúkọ yìí! Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ wa gun àga tó ń yí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti mú fáìlì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àga sá lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Òun fúnra rẹ̀ ló sanwó ọsibítù, ìbáwí ló sì gbà lé e.

FẸ́MI: Kí ni fáìlì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ń wá lókè?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Fáìlì àtijọ́ ló kún ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí wọn mọ́. Kò sì sí àkàbà.

FẸ́MI: Kò sí bí kò ṣe ní ṣubú. Bó bá kọ̀ láti gun àga, iṣẹ́ ò ní lọ. Èyí tí wọ́n ń lò àti èyí tó wúwo ló yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ ti tó o, láàárín ìbàdí sí àyà.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí èmi náà sọ èyí fún ọ, nítorí ẹ̀yin ará òkè òkun rò pé kò sófin nílé. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ tó farapa ti wà láti ọdún 2010, àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù sí i, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Akọ̀wé wà níbẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó farapa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí.

FẸ́MI: Ọmọ yẹn ti kọ̀wé?

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Rárá. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun ní aláìbìkítà.

FẸ́MI: Ọjọ́ 14 kò sì tíì pé.

ÀǸTÍ DÚPẸ́: Kò tíì pé. Bá mi mú bébà wá. Òun kò lè di bírò mú, èmi ni n ó bá a kọ ọ́ lálẹ́ yìí, kó wá fọwọ́ sí i bó bá ti lè ṣe é. N kò sì ní kọ pé ó ṣubú nìkan. N ó kọ àga yẹn sí i, n ó kọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sí i, n ó sì kọ ọ́ pé kò sí àkàbà.